Ọgbọ́n Àtiyè Nínú Igbó Ilẹ̀ Wa: Ibi Tí Akọ́bẹ̀rẹ̀ Ti Lè Mú Un

Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa yíyè nínú igbó, igbó ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n á ní kí ẹ wá ìràwọ̀ àríwá lóru, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí ewédò (ewé wẹ́wẹ́ tó ń bo èèpo igi) hù sí lára igi, tàbí kí ẹ kọ ọwọ́ aago sí oòrùn láti fi wá gúúsù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣì yín lọ́nà. Ìbàdàn kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 7 (dìgírì) lọ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ìràwọ̀ àríwá kò ga ju nǹkan bí ìwọ̀n 7 lọ lójú ọ̀run. Bí ẹ bá na apá, tí ẹ to ìka mẹ́rin lé ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, ibẹ̀ ló wà. Igi kan ṣoṣo ti tó láti bò ó. Ewédò ní tirẹ̀, yíká-yíká igi ló ń hù níbi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Ní ti aago, láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lórí Ìbàdàn, kì í ṣe gúúsù.

Nítorí náà, igbó tí ẹ fẹ́ wọ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́. Ohun tó wà níhìn-ín wà fún ẹni tí kò tíì sùn nínú igbó rí, tó fẹ́ mọ bí yóò ṣe la òru kan tàbí méjì já bí ọ̀nà bá dàrú mọ́ ọn lójú, ìbáà jẹ́ nínú igbó kìjikìji bí Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìbáà jẹ́ nínú ọ̀dàn bí ti ọgbà ẹranko ìjọba tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó wọlé

Kò sí ọgbọ́n tó ń gba ẹ̀mí là tó pé kí ẹnìkan nílé mọ ibi tí ẹ lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: orúkọ abúlé tí ẹ ti máa wọlé, ọ̀nà tí ẹ máa gbà, ẹni tí ẹ jọ ń lọ, aago tí ẹ máa jáde, àti aago tí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín bí wọn kò bá gbúròó yín. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Bí ẹ bá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lẹ máa jáde, ẹ sọ fún un pé tó bá di aago méje, kó figbe ta.

Lẹ́yìn náà, ẹ yà kí baálẹ̀ tàbí olórí ọdẹ abúlé náà. Bó bá jẹ́ igbó ìjọba, ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Àwọn ni wọ́n mọ ibi tí tàkúté wà, odò tó kún, àti ibi tí àwọn ajínigbé ń rìn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ padà.

Ẹ gbé máàpù agbègbè náà sórí fóònù kí nẹ́tíwọ̀kì tó lọ. GPS inú fóònù kò nílò nẹ́tíwọ̀kì láti mọ ibi tí ẹ wà. Máàpù tí yóò fi hàn yín ló nílò rẹ̀. Ẹ fi àmì sí ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Kí ẹ sì há ohun ńlá kan sórí tí ẹ kò lè ré kọjá láìmọ̀, bíi títì ọlọ́dà, odò ńlá tàbí wáyà iná, pẹ̀lú ìhà tó wà sí yín: "títì wà ní ìwọ̀-oòrùn." Gbólóhùn kan yẹn ló máa wúlò jù lọ́la.

Ẹrù kò gbọdọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọdọ̀ pé: àdá tó mú, ọ̀bẹ kékeré, làítà méjì (ọ̀kan nínú àpò ẹrù, ọ̀kan nínú àpò ṣòkòtò), ìṣáná tí a di ọ̀rá méjì lé, tapólì tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10, okùn ọ̀rá mítà 15, tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì mìíràn, fèrè, agolo onírin tó gba lítà kan, ìgò oníke lítà kan àbọ̀ méjì, aṣọ funfun mímọ́, báńdéèjì gígùn méjì, iyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀wù pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn ló dára jù. Ọdẹ ni aláwọ̀ ewé yẹ. Ẹni tí wọ́n lè máa wá kiri kò gbọdọ̀ jọ igbó.

Ẹ̀yìnkùlé ni kíláàsì àkọ́kọ́

Ẹ má ṣe jẹ́ kí igbó jẹ́ ibi tí ẹ ti máa kọ́kọ́ dán nǹkan wò. Ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ dúró de ọjọ́ tí òjò rọ̀, kí ẹ wá dáná pẹ̀lú ìṣáná mẹ́ta péré. Bó bá kọ̀, ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì títí yóò fi gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ta tapólì nínú òjò, kí ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan. Ibi tí omi bá ti kàn yín ni ẹ̀kọ́ wà. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí oko ẹbí tàbí ti ọ̀rẹ́, kí ẹ sùn mọ́jú níbi tí igbe yín lè dé ahéré, pẹ̀lú ẹnìkejì. Ẹni tó bá ti sun oko bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, ló tó wọ igbó ńlá.

Bí ọ̀nà bá dàrú

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá sọ lọ́kàn pé "ó dà bíi pé mi ò mọ ibí," ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ẹ jókòó. Ẹ mu omi díẹ̀. Kí ẹ má dìde fún ìṣẹ́jú 20. Ẹsẹ̀ tó ń sáré nígbà tí àyà ń já ló ń sọ ẹni tó ṣìnà díẹ̀ di ẹni tí a kò rí mọ́. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì gbé ìwádìí jáde tí wọ́n fi ní kí àwọn ènìyàn máa rìn tààrà nínú igbó ńlá. Àwọn tí kùrukùru bo oòrùn mọ́ lójú ń yí po, wọ́n sì ń gba orí ipa ẹsẹ̀ ara wọn kọjá láìmọ̀. Àwọn tó ń rí oòrùn ló rìn tààrà. Nínú igbó kìjikìji, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ewé máa ń bo oòrùn mọ́ wa lójú.

Bí ara bá ti balẹ̀, ẹ so aṣọ tàbí ọ̀rá mọ́ igi níbi tí ẹ wà. Ibẹ̀ ni ojúkò yín. Láti ibẹ̀, ẹ rin ìṣísẹ̀ 50 sí apá kan. Ní gbogbo ìṣísẹ̀ márùn-ún, ẹ tẹ ẹ̀ka kékeré kan títí yóò fi ṣẹ́, kó máa rọ̀ sára igi, kí ẹ sì yí ewé rẹ̀ dé: ẹ̀yìn ewé máa ń funfun ju ojú rẹ̀ lọ, ó sì ń hàn láti òkèèrè. Bí ẹ kò bá rí ọ̀nà, ẹ tọ àmì yín padà sí ojúkò, kí ẹ tó gbìyànjú apá mìíràn. Ohun tí ẹ ń wá ni àmì ọwọ́ ènìyàn: ojú ibi tí àdá gé, igi kòkó, obì tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, èéfín, ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó. Bí ọ̀nà bá pín sí méjì, ẹ já ewé tútù dí ẹnu èyí tí ẹ kò gbà, bí àwọn ọdẹ ti ń ṣe, kí ẹni tó ń wá yín lè mọ̀.

Tó bá ti kọjá aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ fi wíwá ọ̀nà sílẹ̀. Láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ sí méje ni oòrùn ń wọ̀ nílẹ̀ wa jálẹ̀ ọdún, ilẹ̀ a sì ṣú kíá. Lábẹ́ igi ńlá, ó ń ṣú ṣáájú ìyẹn. Akọ́bẹ̀rẹ̀ nílò wákàtí méjì gbáko láti pa àgọ́ àti láti kó igi jọ. Kí ẹ má sì rìn lóru láé. Ọdẹ máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ojú ẹran lóru, ẹni tó ń rìn láìfọhùn nínú òkùnkùn sì lè jọ ẹran lójú rẹ̀. Bí ẹ bá rí iná ọdẹ, ẹ kígbe, ẹ fọn fèrè, kí ẹ dúró sójú kan.

Ní kùtùkùtù, ní nǹkan bí aago márùn-ún, ẹ jí kí ẹ dákẹ́ fetí sílẹ̀. Àkókò yìí ni ariwo abúlé máa ń rìn jìnnà jù: àkùkọ, ìpè àdúrà, ọ̀kadà tó ń gbéra. Ẹ fi igi kan na ìhà tí ẹ ti gbọ́ ọ sílẹ̀, nítorí tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹyẹ á pariwo, ẹ ò sì ní rántí mọ́.

Mímọ ìlà-oòrùn

Ẹ ri igi tó tó mítà kan mọ́lẹ̀ lóòró, níbi tí oòrùn ti ń tàn. Ẹ gbé òkúta sí orí òjìji rẹ̀. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òjìji náà á ti sún tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ó kéré tán. Ẹ gbé òkúta kejì sí orí rẹ̀. Òkúta àkọ́kọ́ ni ìwọ̀-oòrùn, èkejì ni ìlà-oòrùn. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì lé àkọ́kọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lé èkejì: àríwá lẹ kọjú sí. Ó lè yẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó tó láti bá yín dé títì.

Lóru ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n mọ́lẹ̀ bákan náà, tí wọn kò sì jìnnà síra. Ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń yọ, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń wọ̀ sí, wọn kì í yà.

Odò náà ń fọ̀nà hàn, àmọ́ ẹ fi sùúrù gba ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ odò wa, bí Odò Ògùn, láti àríwá ni wọ́n ti ń ṣàn lọ sí ọ̀sà ní gúúsù. Ní ìhà àríwá Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, àwọn kan ń ṣàn lọ sí Odò Ọya. Kí ẹ sì má rìn lójú omi gan-an. Àbàtà àti ìtakùn á gba agbára yín. Ẹ gba orí ilẹ̀ tó ga díẹ̀, níbi tí ẹ ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Omi

Nínú ooru wa, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó nílò lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́. Bí ìtọ̀ bá pọ́n, ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó mu. Sòbìà ti kúrò nílẹ̀ Nàìjíríà, àjọ ìlera àgbáyé (WHO) jẹ́rìí sí i ní 2013, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ṣì ń bẹ nínú omi odò. Àtọ̀sí ajá, èyí tí ń mú kí ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀, awọ ara ló ń gbà wọlé, nítorí náà ẹ má wẹ̀ nínú omi tó dúró sójú kan.

Ẹ ṣẹ́ aṣọ funfun sí mẹ́rin, ẹ fi sẹ́ omi sínú agolo. Bó bá ṣì pọ́n, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, kí ẹ da orí rẹ̀ tó mọ́ sínú nǹkan mìíràn. Ẹ gbé e kaná títí yóò fi hó yaya, kó máa hó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Èéfín tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo kò tíì jẹ́ híhó. Álọ́ọ̀mù á mú omi mọ́ lójú, kò ní pa kòkòrò inú rẹ̀. Bí iná kò bá sí, ẹ rọ omi tó mọ́ sínú ìgò oníke tó funfun, ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ sínú oòrùn líle fún wákàtí mẹ́fà. Bí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, ọjọ́ méjì ni. Ìgò aláwọ̀ kò ṣiṣẹ́, omi tó dàrú náà kò ṣiṣẹ́.

Òjò ló rọrùn jù. Ẹ jẹ́ kí ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ fọ tapólì, kí ẹ wá gbe èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe yín, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí kò lé àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì sínú omi mímọ́ lítà kan, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ tó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ léwu.

Iná

Aṣìṣe mẹ́ta ló ń pa iná akọ́bẹ̀rẹ̀: ó ṣa igi tó sùn sílẹ̀, ó gbé igi ńlá lé iná kékeré, ó sì ṣáná kó tó kó igi jọ tán.

Igi tó gbẹ lóòró ni kí ẹ wá, tó nípọn tó ọrùn ọwọ́. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀: bó bá dún kẹ́, ó gbẹ, bó bá tẹ̀ láìdún, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gé e tó gígùn ìgbọ̀nwọ́ sí ọwọ́. Ẹ gbé ojú àdá lé orí rẹ̀, ẹ fi kùmọ̀ lu ẹ̀yìn àdá títí yóò fi là, kí ẹ tún là á sí mẹ́rin. Ẹ fọwọ́ kàn án: èèpo rẹ̀ tutù bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ gbẹ, ó sì ń rùn bíi pákó tuntun. Àárín yẹn ni iná wà. Ẹ fi ọ̀bẹ fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti òkè wá sílẹ̀, kí èyí tí ẹ ń fá máa ká bí irun, kó má já kúrò lára igi. Mẹ́rin tàbí márùn-ún irú igi bẹ́ẹ̀ tó láti mú iná dúró nínú ọ̀rinrin.

Ẹ pín igi sí òkìtì mẹ́ta: èyí tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ẹ̀kúnwọ́ méjì, èyí tó tó ìka kékeré, ẹrù apá kan, èyí tó tó ọrùn ọwọ́, kó ga dé orúnkún. Fún òru, ẹ sọ òkìtì kẹta yẹn di ìlọ́po mẹ́ta. Ohun ìràná tó dára jù nílẹ̀ wa ni ògùṣọ̀, ìhá ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan tí a di sínú ọ̀rá á jó nígbà tí bébà kò lè jó. Bí kò bá sí, òwú tí a fi vaseline pa, tó tóbi tó èkùrọ́ kan, á jó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹ to igi tútù sílẹ̀ bí ẹní kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má pa iná. Ẹ gbé ògùṣọ̀ lé e, ẹ fi igi tí ẹ fá gbára lé ara wọn yí i ká, ẹ ṣáná sí i nísàlẹ̀ láti apá tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ẹ má fẹ́ ẹ títí iná á fi gba igi ìka kékeré. Ní ọ̀dàn lásìkò ọyẹ́, ẹ ro koríko yíká ibi iná tó mítà kan àbọ̀ dé erùpẹ̀. Ẹ̀ta iná kan lè jó odidi oko. Fífi igi ra igi láti fi dáná, ẹ jẹ́ kó di ọdún kejì.

Ibi ìsùn

Ẹ kọ́kọ́ wo òkè. Ẹ̀ka gbígbẹ tó há sórí igi ń pa ènìyàn lóru ìjì. Ẹ jìnnà sódò tó ìṣísẹ̀ 60: amùkúrù wà níbi omi tó ń sáré, ẹranko ń lọ mu omi, òjò tó rọ̀ níbòmíràn sì lè mú odò kún lóru láìsí òjò lọ́dọ̀ yín. Ojú àgbàrá tó gbẹ kì í ṣe ibi ìsùn.

Ẹ ta okùn sáàárín igi méjì, kó ga dé àyà, ẹ ju tapólì lé e, ẹ fa etí kan wá sílẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ti ń wá. Òjò máa ń rìn lórí okùn wọlé. Ẹ so àkísà kékeré mọ́ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, omi á kán síbẹ̀. Ẹni tí kò ní tapólì á fi ìmọ̀ ọ̀pẹ bí ogún ó kéré tán àti ewé gbòdògì ṣe é. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa to ewé lọ sókè, kí tòkè máa gun tìsàlẹ̀, kí òrùlé sì dà sísàlẹ̀ gidigidi. Òrùlé tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ á jò.

Ẹ má sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ to igi lórí ìtì méjì kó ga tó ìka dé ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ tẹ́ ìmọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ ti gbọ̀n lé e. Ilẹ̀ tútù ń fa ooru ara jáde, àkekèé àti ìjàlọ sì ń rìn. Ẹni tí òjò pa tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ lè gbọ̀n dé ojú ikú nílẹ̀ olóoru yìí náà, nítorí náà ẹ dá aṣọ gbígbẹ kan sí sínú ọ̀rá fún òru nìkan.

Ejò

Ọká ń sùn sínú ewé gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewé. Ẹ má fo ìtì igi. Ẹ gun orí rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ kì í wọ ihò. Ẹ gbọn bàtà láàárọ̀.

Bó bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ kúrò lọ́dọ̀ ejò náà, ẹ bọ́ òrùka àti aago lára rẹ̀ kó tó wú, ẹ fi igi tààrà àti báńdéèjì di ẹsẹ̀ tàbí apá náà kó má mì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn apa-oró-ejò. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fẹnu fa oró, ẹ má fokùn dè é pinpin: okùn yẹn ló ń mú kí ẹsẹ̀ kú. Bí sèbé bá tutọ́ sójú, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 20.

Oúnjẹ àti kíképe ìrànlọ́wọ́

Oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro ọjọ́ méjì. Ènìyàn lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹun, kò lè ju ọjọ́ díẹ̀ lọ láìmu omi. Awin, ìyeyè àti àgbálùmọ̀ tí ẹ mọ̀ dájú, ẹ jẹ. Olú igbó, iṣu igbó àti gbágùúdá tútù, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fọn ọ́n. Lọ́sàn-án, ewé tútù lórí iná ń mú èéfín funfun gòkè. Ẹ pa nẹ́tíwọ̀kì fóònù, kí ẹ máa tàn án lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí méjì níbi tó ga. Àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń lọ níbi tí ìpè kò ti ní lọ. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pè yín, ẹ dáhùn láti ojú kan, kí àwọn máa bọ̀ wá bá yín.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ da omi sí iná, ẹ rò ó, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan eérú rẹ̀ títí yóò fi tutù. Bí ẹ bá ti jáde, ẹni tí ẹ kọ̀wé sílẹ̀ fún ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n má baà máa wá yín kiri nínú igbó tí ẹ ti kúrò.